Iṣan Abẹ́ Orúnkún

Oṣù keje rèé tí ọwọ́ ọ̀tún Silas ti ká kò bí ẹsẹ̀ adìyẹ tó kú. Télọ̀ tí kò lè di abẹ́rẹ́ mú, kí ló kù tó ń ṣe? Ọsibítù gbìyànjú, pàbó ló já sí. Ló bá wọkọ̀ l'Óṣogbo láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó di Ìwàrà, lọ́dọ̀ Màmá Cecilia tó ń fi àtàǹpàkò tẹ iṣan.

Ìyá arúgbó náà kò tilẹ̀ wo ọwọ́. Ẹsẹ̀ Silas ló gbé lé itan ara rẹ̀.

"Màmá, ọwọ́ ló ń dùn mí o."

"Ṣé mo fọ́jú ni? Ọ̀nà ni iṣan. Ọwọ́ ni ìrora fi ṣelé, abẹ́ orúnkún ni ilẹ̀kùn rẹ̀ wà. Bí mo bá ti tẹ̀ ẹ́, yóò jáde. Pariwo bó o bá fẹ́, ṣùgbọ́n má dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ẹni tó o bá dárúkọ, ara rẹ̀ ni yóò wọ̀."

Ó tẹ̀ ẹ́. Òógùn bo Silas. Nínú ìrora náà, ojú ẹnì kan ṣoṣo ló ń rí: Micah, àbúrò rẹ̀ ní Ìbòkun, tí kò wá síbi ìsìnkú ìyá wọn lọ́dún mẹ́sàn-án sẹ́yìn. Wọn ò bára wọn sọ̀rọ̀ láti ìgbà náà. Ó mọ ohun tó ń ṣe nígbà tó lanu.

"Micah!"

Ìka ọwọ́ rẹ̀ ṣí lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni pé ẹnì kan ló ń bá a ṣí i.

Màmá Cecilia kò gbé àtàǹpàkò kúrò. "Kí lo ṣe yìí? Pe orúkọ ara rẹ kí ó padà. Bí mo bá fi lè gbọ́wọ́, ó parí nìyẹn."

"Ẹ gbọ́wọ́, Màmá."

Màmá Cecilia kò gbé e, àtàǹpàkò rẹ̀ ṣì wà lórí iṣan náà. Fóònù Silas dún. Ó fọwọ́ òsì gbé e.

"Ẹ̀gbọ́n, Micah ni. Àdá bọ́ lọ́wọ́ mi lóko, ọwọ́ náà ò ṣí mọ́. Mo gbọ́ tí ẹ pè mí lẹ́yìn. Mo bojú wẹ̀yìn, n ò rí ẹnìkankan."

Silas tẹ fóònù mọ́ etí rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yé pè mí. Ẹ tún ń pè mí."

Silas fọwọ́ kan ètè ara rẹ̀. Ó pa dé.

"Kí ló dé tí o ò wá sin ìyá wa?"

"Ẹ̀yin lẹ ránṣẹ́ pé bí mo bá tẹsẹ̀ bọlé yín, ẹ ó lé mi jáde lójú òkú. Ṣé ẹ ti gbàgbé ni?"

Silas ò gbàgbé. Ó gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè, ó fi àtàǹpàkò kan ìka mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Silas," ló wí.

Ìka náà ká padà.

"Ó ti ṣí, ẹ̀gbọ́n!" Micah ń mí gúlegúle. "Ẹ ti dákẹ́."

"N ò tíì dárí jì ọ́ o," Silas wí, ó sì pa fóònù.

Ó wo Màmá Cecilia. "Ẹ tún un tẹ̀," ló wí, ó wá ki etí aṣọ ara rẹ̀ bọ ẹnu, ó sì fi eyín dì í mú ṣinṣin.