Ẹni Tó Fọn Fèrè

Ìwé kẹrin ni mo wà nígbà tí mo jí fèrè bàbá mi lọ sí ilé-ẹ̀kọ́. Ìṣirò pípín ni Tíṣà Sùnmọ́nù ń kọ́ wa lọ́jọ́ náà, n kò sì mọ bí èèyàn ṣe ń pín ohun tí kò sí níwájú rẹ̀. Mo tọrọ àyè pé mo fẹ́ lọ tọ̀, mo bọ́ sí ẹ̀yìn ilé-ẹ̀kọ́, mo fọn fèrè náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Létí òkun tiwa, ní òdìkejì ọ̀sà sí Ajido, ohun kan ṣoṣo ni fèrè ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ń sọ. Àwọn tó wà lórí omi ti na àwọ̀n ńlá tán, okùn ti dé ilẹ̀, ẹ wá fà á. Ẹnikẹ́ni tó bá fi ọwọ́ kan okùn kí àpò àwọ̀n tó jáde, ìbáà jẹ́ ọmọ ọdún márùn-ún, yóò gba ẹja tirẹ̀. Bó ṣe wà nìyẹn kí wọ́n tó bí bàbá mi. Nítorí náà, gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ dìde. Wọ́n dà jáde lẹ́nu ọ̀nà kan ṣoṣo, wọ́n wó ilẹ̀kùn, wọ́n sì ti Tíṣà fúnra rẹ̀ dé ìdajì ọ̀nà kí ó tó mọ̀ pé etí òkun ni òun ń lọ.

Kò sí àwọ̀n kankan létí òkun. Tíṣà bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tó fọn fèrè. Ọwọ́ mi ni fèrè wà, Zinsu tí a jọ ń jókòó lórí bẹ́ńṣì kan ló sì dúró tì mí.

Mo ní, "Zinsu, bá mi mú eléyìí. Mo fẹ́ so okùn ṣòkòtò mi."

Ó bá mi mú un.

Ẹgba mẹ́rìnlélógún ni wọ́n nà án. Kò dárúkọ mi. Ó kàn wò mí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, bóyá ní ẹgba kẹsàn-án, ni inú bá bí mi. Kí ló ń wò mí fún? Ṣé èmi ni mo mú pàṣán lọ́wọ́ ni? Wíwò yẹn ni n kò dárí rẹ̀ jì í fún ọdún mọ́kàndínlógójì.

Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè é ní Zinsu Fèrè. Èmi kò padà sí ilé-ẹ̀kọ́ mọ́. Mo sọ fún bàbá mi pé Tíṣà Sùnmọ́nù kò mọ̀wé, bẹ́ẹ̀ òótọ́ ibẹ̀ ni pé n kò lè jókòó ti Zinsu lórí bẹ́ńṣì kan náà.

Ẹ má jẹ́ kí orúkọ wa ṣì yín lọ́nà. Láàárín àwa Gun, ìbejì ọkùnrin ni Zinsu, ẹni tí wọ́n bí tẹ̀lé ìbejì sì ni Dosu, èmi nìyẹn. Kì í ṣe ìyá kan náà ló bí wa. Ẹni tí Yorùbá ń pè ní Ìdòwú ni Dosu, ẹ sì mọ bí orí Ìdòwú ṣe ń le. Tèmi le débi pé àwọn méjì tí mo ń bá yodì ti kú, n kò sì tíì parí ìjà náà.

Bí Zinsu bá gba etí ọ̀sà, èmi á gba inú oko àgbọn. Nígbà tí ó kó lọ sí Morogbo lọ kọ́ iṣẹ́ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi, mo sinmi. Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ó padà dé, ilé-ẹ̀kọ́ gbà á ṣe olùṣọ́ géètì, ó sì ń fi ìrọ̀lẹ́ tún ẹ́ńjìnnì ṣe. Ẹ́ńjìnnì tèmi bàjẹ́ lọ́dún náà. Oṣù méjì gbáko ni mo fi àjẹ̀ wa ọkọ̀, tí èjìká mi ń ké, kàkà kí n gbé e lọ bá a. Mo sọ fún àwọn èèyàn pé dókítà ló ní kí n máa na ara.

Sáà tó kọjá ni ìròyìn náà dé. Àwọn gbọ́mọgbọ́mọ ya wọ ilé-ẹ̀kọ́ kan ní ìpínlẹ̀ tó jìnnà sí wa, wọ́n kó àwọn ọmọ lọ. Ọmọ-ọmọ mi, Jésùtófúnmi, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ń gbé lọ́dọ̀ mi nítorí pé Morogbo ni Ṣadé ìyá rẹ̀ ti ń tajà. Orí fóònù mi ni ọmọ náà ti rí fídíò ìṣẹ̀lẹ̀ náà. Èmi ni mo fi fóònù sílẹ̀ lórí àga. Ó rí àwọn ìyá tí wọ́n ń yí nílẹ̀. Kò sunkún. Ó lọ mú bàtà ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀, ó wọ̀ ọ́, ó sì wọ̀ ọ́ sùn.

"Kí lo fẹ́ fi bàtà ṣe lórí ẹní?" ni mo bi í lọ́jọ́ kejì.

"Kí n lè tètè sá ni, Bàbá."

Mo ní kó fọkàn balẹ̀. "Ibí yìí jìnnà, Tófúnmi. Ọ̀nà mọ́tò ò dé ibí."

"Ṣé wọn ò ní ọkọ̀ ojú omi ni?"

Ó yẹ kí n dákẹ́ níbẹ̀. Àmọ́ ẹ bi apẹja ní ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú omi, kí ẹ wò ó bóyá yóò dákẹ́. Mo ṣàlàyé fún un pé bí ẹ́ńjìnnì bá dára, láti Badagry sí ọ̀dọ̀ wa kò pẹ́ rárá. Mo ní bí omi bá kún, ibi mẹ́rin ni ọkọ̀ ti lè gúnlẹ̀ láìsí ẹni tó máa rí i. Mo sì fi ìka ya ibi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sórí iyanrìn fún un, kó lè yé e dáadáa. Ó yé e. Láti ọjọ́ kejì, kò lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ mọ́.

Lẹ́yìn ọjọ́ márùn-ún, ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ wá sílé. Gbémisọ́lá ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Ìjànikin ni, kò sì tíì pé ọdún kan tí wọ́n gbé e wá sọ́dọ̀ wa.

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ má jẹ́ kó rí irú fídíò yẹn mọ́," ó ní. "Bó bá bi yín, ẹ sọ òótọ́ ìwọ̀nba tó lè gbé. Ẹ má sọ pé ohunkóhun ò lè ṣẹlẹ̀, torí kò ní gbà yín gbọ́. Ohun tí àwa àgbà ń ṣe láti ṣọ́ ọ ni kí ẹ sọ fún un."

N kò sọ fún un pé mo ti ya àwòrán.

Zinsu ló bá a wá. Ìta ọgbà ló dúró sí, nítorí ó mọ̀ pé n kò ní pè é wọlé. Bí mo ṣe rí i ni mo sá sẹ́yìn ààrò ẹja, mo wà nínú èéfín, mo ń gbọ́ wọn.

"Ṣé ẹ̀rù ń bà ọ́?" Zinsu bi ọmọ náà.

"Ó ń bà mí."

"Ó ń ba èmi náà. Ìyẹn ni mo ṣe ń lajú sílẹ̀. Ṣó o mọ iye tí ẹ jẹ́?"

"Rárá, sà."

"Mẹ́rìndínláàádọ́rin. Mo ń kà yín tí ẹ bá ń wọlé, mo sì ń kà yín tí ẹ bá ń jáde. Láti ọjọ́ márùn-ún, ẹnì kan ń dín. Ìwọ ni."

Tófúnmi rò ó díẹ̀. "Tí mo bá wá, á pé?"

"Á pé."

Ó lọ lọ́jọ́ kejì. Ó ṣì ń wọ bàtà sùn, ṣùgbọ́n ó lọ. Ó yẹ kí n lọ dúpẹ́. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi bínú, mo ní ta ló ní kó wá bá mi tọ́ ọmọ.

Lẹ́yìn èyí ni Gbémisọ́lá ní kí àwọn ọmọ dánra wò ní Ọjọ́rú fún ọjọ́ ewu. Bí wọ́n bá gbọ́ àmì, wọ́n á wọ yàrá, wọ́n á ti ilẹ̀kùn, wọ́n á jókòó sílẹ̀ láìsọ̀rọ̀. Agogo ilé-ẹ̀kọ́ ti sán, nítorí náà fèrè ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni ó mú. Àlejò ni, kò mọ̀. Zinsu sọ fún un pé fèrè ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ní ẹni tó ni ín, pé ọ̀gá àwọ̀n nìkan ló lè yí i padà, kí wọ́n ránṣẹ́ sí i. Èmi ni ọ̀gá àwọ̀n láti ìgbà tí bàbá mi ti kú. Tófúnmi ni wọ́n rán.

"Bàbá, wọ́n ní kí ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ máa fi ẹ̀ẹ̀méjì pe àwọn afàwọ̀n, kí ẹ̀ẹ̀mẹ́ta jẹ́ ti ilé-ẹ̀kọ́. Kí ẹ sọ fún gbogbo èèyàn kó tó di Ọjọ́rú."

"Ta ló ní bẹ́ẹ̀?"

"Bàbá Zinsu tó ń ṣọ́ géètì."

"Mi ò gbọ́."

Ó tún un sọ, sókè.

"Mo ní mi ò gbọ́."

Ó wò mí bí ẹni ń wo aláìsàn, ó sì bá tirẹ̀ lọ. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Àwọn ti ilé-ẹ̀kọ́ náà rò pé àgbà tó bá dákẹ́ ti gbà.

Láàárọ̀ Ọjọ́rú, mo jókòó létí òkun, mo ń tún ojú àwọ̀n ṣe. Fèrè dún lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Mo gbójú sókè, mo rí gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń sáré bọ̀ wá bá mi. Lẹ́yìn wọn ni àwọn ìyá wọn, báàfù lórí. Lẹ́yìn àwọn ìyá ni Gbémisọ́lá, tó ń pariwo pé kí wọ́n padà sínú yàrá. Ọmọ-ọmọ Jẹ̀mílátù, obìnrin tó ń yan ẹja, ṣubú lójú ọ̀nà, ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ wú. Bó bá jẹ́ pé gbọ́mọgbọ́mọ dé lóòótọ́ ni, wọn kì bá tí ṣe wàhálà kankan. A ti bá wọn kó àwọn ọmọ jọ sójú kan, létí omi, níbi tí ọkọ̀ ń gúnlẹ̀ sí.

Zinsu dé gbẹ̀yìn. Kò wò mí. Ó ń fi ìka ka àwọn ọmọ. "Ẹnì kan dín," ó ní, ó yí padà, ó sáré.

Tófúnmi ni. Òun nìkan ló ṣe ohun tí wọ́n kọ́ wọn, nítorí òun ló jẹ́ iṣẹ́ náà, ó sì mọ̀ pé kì í ṣe ti àwọ̀n. Ó ti ilẹ̀kùn, ó wọ abẹ́ tábìlì. Ó gbọ́ igbe, ó gbọ́ ẹsẹ̀ tó ń sáré, lẹ́yìn náà kò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Ó ti gbà pé wọ́n ti kó gbogbo wọn lọ. Nígbà tí èmi fi dé ibẹ̀, Zinsu ti jókòó sílẹ̀ níta ilẹ̀kùn, ó ń ka orúkọ àwọn ọmọ fún un lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń sọ ibi tí ẹnì kọ̀ọ̀kan wà báyìí. Èmi náà pè é, kò ṣílẹ̀kùn. Orúkọ kẹtàdínlógún ni Zinsu kà dé kí ọmọ náà tó ṣí i.

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni ìpàdé òbí. Jẹ̀mílátù ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Zinsu Fèrè mà nìyẹn. Ó ṣe é nígbà tí a wà lọ́mọdé, ó tún ṣe é fún àwọn ọmọ wa. Kó máa lọ."

"Èmi ni mo ní kó fọn ún, Mà," Gbémisọ́lá ní.

"Àlejò ni yín, Àǹtí. Ẹ ò mọ̀ ọ́n. Àwa la mọ̀ ọ́n."

Ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Wọ́n pọ̀. Zinsu kò bá wọn jiyàn. Ó yọ kọ́kọ́rọ́ géètì lápò, ó gbé e sórí tábìlì. Tófúnmi, tó jókòó tì mí, tẹ̀ba, ó bẹ̀rẹ̀ sí í so okùn bàtà rẹ̀ le.

"Bàbá, tó bá lọ, ta ló máa mọ̀ tí mo bá dín?" ó ní. "Mi ò ní wá mọ́."

Mo wo ẹnu ọ̀nà. Jẹ̀mílátù ló jókòó síbẹ̀, obìnrin náà sì fẹ̀, kò sí ibi tí mo lè gbà. Mo dìde.

"Wọ́n ránṣẹ́ sí mi nípa fèrè yẹn," mo ní. "Mo ní mi ò gbọ́."

"Kí ló dé?" Jẹ̀mílátù bi mí.

"Torí Zinsu wò mí."

"Nígbà wo?"

"Ní ìwé kẹrin."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Àwọn tí kò mọ̀ mí ló rẹ́rìn-ín jù. Jẹ̀mílátù kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. "Dosu, kí ló wò ọ́ fún?"

Mo wo ilẹ̀, mo sì sọ ọ́ fún ilẹ̀, pé èmi ni mo fọn ọ́n.

"Àwọn tó wà lẹ́yìn ò gbọ́ ẹ," Zinsu ní. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó bá mi sọ nìyẹn láti ọdún mọ́kàndínlógójì.

Mo gbórí sókè. "Èmi ni mo fọn fèrè ní ìwé kẹrin," mo ní. "Èmi ni mo fi í sí Zinsu lọ́wọ́. Wọ́n nà án nítorí mi, mo dúró síbẹ̀, mo ń wò ó, mi ò sì sọ nǹkan kan."