Ẹtu Inú Awò

Tàjùdéèn dijú, ó ṣe bísímílà, ó gbé ráìfù sí èjìká, ó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé igi ìdí rẹ̀, ó wá la ojú ọ̀tún. Ẹtu kan ló dúró nínú awò ibọn náà, tó ń wò ó.

Ó gbé ibọn kúrò lójú. Ó fi ojú lásán wo iwájú. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ ju ṣọ́ọ̀bù Levi oníbọn lọ, ihò gbọọrọ kan lábẹ́ afárá rélùwéè ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù, tó gùn débi pé bí èèyàn bá sín lẹ́nu ọ̀nà, ilẹ̀ á ti ṣú kí ará ìkangun tó kí i ní pẹ̀lẹ́. Levi ti fi ọ̀dà funfun kun àmì róbótó kan sára ògiri ìkangun náà, kí oníbàárà lè máa fi ibọn tí kò ní ọta nínú wò ó. Àmì wà níbẹ̀. Ògiri wà níbẹ̀. Ẹtu kò sí.

Levi, bàbá òyìnbó tí irùngbọ̀n rẹ̀ tó hun ẹní mẹ́ta kó sì ṣẹ́kù, bi í bóyá ibọn náà kò bá a lára mu. Tàjù ní ó mu, ṣùgbọ́n kí ó fún òun ní ìkẹta.

Láti àárọ̀ ni wọ́n ti wà lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ibọn kan péré ni láísẹ́ńsì Tàjù gbà á láyè láti ní, bẹ́ẹ̀ ohun méjì ló fẹ́ fi ṣe: kí ó máa yìnbọn sí bébà àmì lókèèrè réré pẹ̀lú ẹgbẹ́ ayìnbọn rẹ̀, kí ó sì máa pa àgbọ̀nrín nínú igbó Kent. Levi ti la ọ̀rọ̀ yé e. Èyí tó dára fún bébà wúwo, ọ̀pá rẹ̀ gùn, kì í ta pọ́ún. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbé e wọ igbó, èjìká rẹ̀ á kọ̀ ọ́ sílẹ̀ kí ọ̀sán tó pọ́n. Èyí tó dára fún ẹran fúyẹ́, ṣùgbọ́n bó bá ti gbóná, ọta rẹ̀ á máa rìn gbéregbère lókèèrè. Gbogbo wọn ló jẹ́ alápá irin: wàá gbé apá náà sókè, wàá fà á sẹ́yìn, wàá tì í síwájú, kí ọta kan ṣoṣo tó wọlé. Bí o bá tàsé, Levi ní, ẹran á ti dé Scotland, á ti fẹ́yàwó níbẹ̀, kí o tó fà á tán.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀rín nìyẹn, Tàjù sì ni ó yẹ kó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, nítorí kò sí òpùrọ́ bíi tirẹ̀ láti Kennington dé East Dulwich. Ní ṣọ́ọ̀bù Dámisọ́lá onígbàjámọ̀, ó ti sọ pé ọta kan lòun fi pa erin nílé, àti pé erin náà tọrọ gáfárà kó tó ṣubú. Nígbà tí àwọn ọlọ́pàá wá yẹ ilé rẹ̀ wò nítorí láísẹ́ńsì, wọ́n bi Mìsítúrà ìyàwó rẹ̀ bóyá ọkọ rẹ̀ máa ń bínú. Ó ní rárá o, irọ́ nìkan ni tirẹ̀.

Ohun tí kò sí nínú gbogbo irọ́ náà ni pé Tàjù kò gbé ibọn rí títí ó fi wọ ẹgbẹ́ ayìnbọn lọ́dún tó kọjá. Ọdẹ paraku ni bàbá rẹ̀ ní Ìgbòho. Ọmọkùnrin mẹ́jọ ló bí. Ó fún méje ní ibọn nígbà tí wọ́n di géńdé. Ó fún ìkẹjọ, Tàjù, ní rédíò. Láti ojú fèrèsé ni Tàjù ti ń wò ó bó ṣe ń kọ́ àwọn ẹ̀gbọ́n: dijú, gbé e séjìká, lajú, ibọn tó bá ti ń wo ibi tí ojú rẹ ń wò, tìrẹ ni. Ó bi bàbá títí pé kí ló dé tí tòun fi yàtọ̀, bàbá sì ń yí ọ̀rọ̀ sí òjò. Ọ̀la ni ẹgbẹ́ Tàjù ń wọ igbó Kent. Bí kò bá mú ibọn ẹran lónìí, ọmọ tí wọ́n fún ní rédíò náà ni yóò jẹ́ títí ayé.

Ìkẹta fúyẹ́ bí ọmọ tuntun. Ó dijú, ó gbé e séjìká, ó lajú.

Ẹtu náà ti dé àárín ihò náà báyìí. Tàjù rí irun etí rẹ̀. Ọkọ̀ ojú irin kan kọjá lókè, eyín inú ẹnu mì, eruku já bọ́ láti òrùlé. Ẹtu kò mira. Ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún iwájú sókè díẹ̀, bí ẹni tí ilẹ̀ gbóná fún, ó sì ń wo Tàjù láìsẹ́jú.

Ó na ibọn sí Levi pé kó bá òun wo awò rẹ̀. Levi wò ó, ó ní mímọ́ ló mọ́, àmì funfun nìkan lòun rí. Ó wo ojú Tàjù.

"Kí ni ìwọ rí?"

Gbogbo ohun tójú rí kọ́ lẹnu ń sọ. Ọkùnrin tó ti pa erin tó ń tọrọ gáfárà ló wá dáhùn.

"Kò sí nǹkan kan, Místà Levi."

Ó gbé èyí tó wúwo, ti bébà, ó dán an wò. Àmì funfun, ògiri, ó tán. Ó tún gbé èyí tó fúyẹ́. Ojú kan ṣoṣo ló kún inú awò báyìí, dúdú, tútù, ó sì rí ara rẹ̀ nínú rẹ̀, kékeré, tòun ti ibọn.

Ó gbé e kalẹ̀ bí ẹyin, ó jáde síta láàárín àwọn tó ń ta ẹja àti iṣu, ó pe Ìgbòho. Ó kí bàbá, ó ní òun wà lọ́dọ̀ oníbọn. Kò tíì sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bàbá já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ọn lẹ́nu.

"Ti ẹran ni, àbí ti bébà?"

"Ti ẹran ni mo fẹ́, Bàbá."

"Ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún iwájú sókè, àbí?"

Tàjù ní bẹ́ẹ̀ ni. Bàbá wá ń sọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí ẹni tó ń sọ ẹrù kalẹ̀. Ó ní nígbà tí Tàjù wà lọ́mọ ọdún mẹ́rin, ẹtu kan máa ń wá sẹ́yìn ilé ní ìrọ̀lẹ́, kì í wo ẹlòmíràn, àfi Tàjù. Òun yìnbọn sí i lọ́jọ́ kan. Ọta ha á lẹ́sẹ̀ ọ̀tún iwájú, ó wọgbó. Kí òun tó yí padà ni òun gbọ́ igbe nínú ilé. Orí ẹní ni Tàjù wà, kò jáde, kò ṣeré, ẹ̀jẹ̀ sì ń ṣàn lápá ọ̀tún rẹ̀. Òun àti ìyá Tàjù ló jọ sọ fún un pé ó já bọ́ láti orí igi máńgòrò.

Tàjù ki ọwọ́ sábẹ́ aṣọ, ó fọwọ́ kan àpá tó wà lápá ọ̀tún rẹ̀. Ó ti sọ ìtàn igi máńgòrò yẹn ní ṣọ́ọ̀bù Dámisọ́lá, ó ti fi orí igi náà kan ọ̀run; nínú gbogbo ìtàn rẹ̀, ìyẹn nìkan ló rò pé ó ní òtítọ́ nídìí.

"Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ, àwọn ni wọ́n ń wá ẹran lọ," bàbá ní. "Ìwọ, ẹran ló ń wá ọ bọ̀. Ṣé kí n wá fún ọ níbọn?"

"Ta ni ẹtu náà, Bàbá?"

"N kò bi í. Ìwọ náà, má bi í."

Nígbà tó padà wọlé, Levi ti nu èyí tó fúyẹ́ fún un, ó ti tẹ́ aṣọ sábẹ́ rẹ̀. Tàjù rékọjá rẹ̀, ó gbé èyí tó wúwo. Levi rán an létí pé kò ní lè gbé ìyẹn kiri igbó.

"Kò ní wọ igbó," ni Tàjù wí.

Ó dijú, ó gbé e séjìká, ó lajú. Àmì funfun ló wà nínú awò, ó mọ́ kedere, kò sí ohunkóhun níwájú rẹ̀. Ó pẹ́ níbẹ̀. Levi rò pé awò náà ló wù ú. Tàjù sì ń rọra yí ẹnu ibọn sọ́tùn-ún, ó ń yí i sósì, lẹ́bàá ìsàlẹ̀ ògiri níbi tí òkùnkùn ti pọ̀, bí ẹni tó dúró lẹ́nu ọ̀nà tó ń wojú ọ̀nà fún ọmọ ìyá rẹ̀.