Apá Ọ̀tún Dúdúyẹmí

…àbí kò ní wá ni? Micah Wẹ́dà, ẹni tí kì í pẹ́ débi iṣẹ́, òní ló wá rí ọ̀nà pẹ́. Mo ní kó gbé gáàsì rẹ̀ wá kí oòrùn tó mú. Oòrùn ti mú. Mo jókòó sínú yàrá kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀, mo ń wo irin agogo wa níbi tó so rọ̀ sí lábẹ́ igi máńgòrò. Gbọọrọ, dúdú, ihò ńlá lókè, ihò ńlá nísàlẹ̀. Afẹ́fẹ́ ń mi ewé, kò mi irin. Kó máa so níbẹ̀. Kí ọ̀sán tó pọ́n, a ó ti gé e sí méjì, ọ̀rọ̀ á sì tán.

Ọ̀rọ̀ á tán… Láti àná ni mo ti ń sọ ọ́, ohùn Àrẹ̀mú ọmọ Àpìkẹ́ kò sì kúrò létí mi. Ohùn pẹ̀lẹ́. Ohun tí mo kórìíra lára ẹni yẹn gan-an nìyẹn: kì í pariwo. Ejò tó bá Éfà sọ̀rọ̀ nínú ọgbà, ṣé ó pariwo?

Ìwàásù ló yẹ kí n máa kọ. Bíbélì wà níwájú mi, bírò wà lọ́wọ́ mi, n kò sì tíì kọ ju “Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa” lọ. Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa — kí ni mo fẹ́ bá wọn sọ? Pásítọ̀ ló fún mi ní orí tí n óò kà, ó ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń fún mi. N óò kà á tó bá yá. Kí Micah dé ná.

Àrẹ̀mú. Ọmọ bàbá mi ni, n kò sẹ́. Susannah ìyá mi ni ìyáálé, níhìn-ín ní Iléṣà. Àpìkẹ́ ni bàbá wa lọ fẹ́ sí Òṣogbo nígbà tó ń wa ọkọ̀ ojú irin níbẹ̀. Oṣù díẹ̀ ni mo fi ṣáájú ọmọ Àpìkẹ́ dáyé, ṣùgbọ́n èmi ni mo ṣáájú. Esau àti Jákọ́bù kò fi tó bẹ́ẹ̀ jura wọn lọ… Kí ló mú mi rántí Esau? Kò kàn mí.

Ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ rélùwéè. Ẹni tó fẹ̀yìn tì yẹ kó máa múra ọ̀run. Òun kó àwọn arúgbó ẹgbẹ́ rẹ̀ jọ, ó ní àwọn ń jí Dúdúyẹmí dìde. Dúdúyẹmí! Ọkọ̀ bàbá wa, ọkọ̀ elèéfín tí ń jẹ èédú tí ń mu omi, táwọn ará Òṣogbo sọ lórúkọ nítorí àwọ̀ rẹ̀. Ọkọ̀ tí wọ́n ti kọ́ńdẹ́mù nígbà tí a ṣì wà ní ṣòkòtò péńpé. Wọ́n fi gáàsì gé e wẹ́lẹwẹ̀lẹ, wọ́n kó irin rẹ̀ tà. Ohun tó kú ti kú. Ṣùgbọ́n ọmọ Àpìkẹ́ lọ yọ bọ́ílà, ikùn tí omi ti ń hó, lára ọ̀kan tó ń dípẹtà nínú igbó lẹ́yìn Ọ̀fà. Ó lọ yọ ẹsẹ̀ lára òmíràn n’Ìbàdàn. Ó gba ilé èédú tí ọkọ̀ ń fà lẹ́yìn níbì kan tí n kò bi í. Ó ń tò wọ́n pọ̀ sínú àtíbàbà onípáànù nítòsí ojú irin Òṣogbo, ó ń kùn ún ní dúdú, ó ní Dúdúyẹmí nìyẹn.

Dúdúyẹmí wo? Àwọn Sadusí bi Olúwa wa léèrè obìnrin kan tí arákùnrin méje fẹ́ tẹ̀léra: ní àjíǹde, ìyàwó ta ni yóò jẹ́? Èmi náà bi Àrẹ̀mú bẹ́ẹ̀. Mo ní ikùn ẹlòmíràn, ẹsẹ̀ ẹlòmíràn, ẹ̀yìn ẹlòmíràn — ní àjíǹde, ọkọ̀ ta ni yóò jẹ́? Mo rò pé mo ti dè é. Ó kàn rẹ́rìn-ín. “Ẹ̀gbọ́n, apá rẹ̀ méjèèjì la ó fi dá a mọ̀.”

Apá. Bí bàbá wa ṣe máa ń pè é nìyẹn. Ọ̀pá irin tó so àwọn ẹsẹ̀ ọkọ̀ pọ̀, tó ń lọ tó ń bọ̀ bí ìgbọ̀nwọ́ obìnrin tó ń lọ ata. Ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Nígbà tí wọ́n gé Dúdúyẹmí, apá méjèèjì nìkan ni bàbá wa rí gbà lọ́wọ́ wọn. Ó gbé ti òsì sẹ́yìnkùlé Àpìkẹ́. Ó gbé ti ọ̀tún sórí lọ́rì tó wá já kòkó tó ń padà sí Iléṣà lófìfo, ó gbé e wá fún ìyá mi. Ìyá mi ní kí lòun fẹ́ fi ṣe, kò ṣeé sè, kò ṣeé wọ̀. Ó gbé e fún ìjọ, ìjọ sì gbé e kọ́ ṣe agogo. Láti ìgbà náà, irin yìí ló ń jí wa sí àdúrà òwúrọ̀. Òun ló dún nígbà tí mo gbéyàwó. Òun ló dún tí a fi gbé ìyá mi lọ sí itẹ́ òkú. Apá ọ̀tún. Ọwọ́ ọ̀tún Olúwa ní ń ṣe iṣẹ́ agbára. Àgùntàn lọ́tùn-ún, ewúrẹ́ lósì. Èmi kọ́ ni mo tò wọ́n bẹ́ẹ̀.

Ewúrẹ́ wá ní kí àgùntàn wá kún òun.

Ọjọ́ Ìsinmi tó kọjá ló dé, a ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ìsìn, òun àti Fẹ́yìsayọ̀ ọmọ rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún mi nínú yanrìn, lójú gbogbo àgbà ìjọ. Arúgbó bíi tirẹ̀. Mo ní kó dìde… bóyá mo pẹ́ díẹ̀ kí n tó sọ bẹ́ẹ̀. Ṣé mo rán an níṣẹ́ ìdọ̀bálẹ̀ ni? Àrékérekè ni. Àwọn àgbà ti rí ewú nínú yanrìn, ọkàn wọn ti yọ́. Ó wá ń ṣàlàyé fún wọn. Apá òsì wà lọ́wọ́ òun. Kò síbi tí wọ́n ti ń rọ irú rẹ̀ mọ́ nílẹ̀ yìí. Bí apá ọ̀tún kò bá sí, ọkọ̀ kò ní lè rìn. Àwọn á gbé agogo idẹ tuntun wá dípò rẹ̀. Àwọn àgbà ń mi orí. Ń mi orí!

Mo ní ohun tí a bá ti fi fún Ọlọ́run, a kì í gbà á padà lọ bọ Ògún. Mo ní ṣé wọn kò ní pa ajá fún un lọ́jọ́ tí ọkọ̀ bá fẹ́ gbéra. Ó ní Fẹ́yìsayọ̀ kò ní gbà, pé ajá tó ń sùn lábẹ́ bọ́ílà ti di ọmọ rẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ọmọbìnrin yẹn náà wá kúnlẹ̀, ó ní “Bàbá wa, Nehemáyà tí ẹ̀ ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, ṣebí òkúta tó ti jóná, tó wà nínú òkìtì ilẹ̀, ló fi mọ odi rẹ̀.” Ọmọ àná! Ó ń fi Ìwé Mímọ́ kọ́ mi, èmi tí mo ti ń wàásù kí wọ́n tó bí i. Mo yíjú kúrò lára rẹ̀.

Àrẹ̀mú wá sọ tirẹ̀. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bó ṣe máa ń ṣe. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ yọ Ògún kúrò lórúkọ bàbá wa, Ògúnlẹ́yẹ di Olúlẹ́yẹ. Ẹ wá gbé irin Ògún kọ́ sílé Ọlọ́run, ẹ sì ń lù ú láràárọ̀. Ṣé ẹ̀ ń bá a jà ni?”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Àwọn àgbà ìjọ. Pásítọ̀ fọwọ́ bo ẹnu, mo rí èjìká rẹ̀ tó ń gbọ̀n. Màmá Cecilia, olórí àwọn obìnrin, rẹ́rìn-ín títí gèlè fi yẹ̀ lórí rẹ̀. Wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín nínú ọgbà ìjọ mi, lábẹ́ irin ìyá mi, nítorí ọ̀rọ̀ ẹnu ọmọ Àpìkẹ́.

Ibẹ̀ ni mo ti dìde. Mo ní, ó dáa. Mo ní, “Ẹ gé e sí méjì. Ìdajì fún un, ìdajì fún ìjọ.”

Ìdajì apá kò wúlò fún ọkọ̀, ẹni gbogbo ló mọ̀, ṣùgbọ́n ta ni yóò ní kò tọ́? Màmá Cecilia ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ó ń tún gèlè rẹ̀ wé. “Sólómọ́nì tiwa.” Àwọn yòókù gbà á lẹ́nu rẹ̀. Sólómọ́nì! Ó dùn mọ́ mi, n kò ní purọ́. Pásítọ̀ ní, ẹ̀yin náà lẹ óò kà á fún wa lọ́jọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀ nìyẹn, Bàbá Sólómọ́nì, ìdájọ́ ọba. Ọmọ Àpìkẹ́ gbójú sókè. Ó ń wo irin náà. Ọmọ rẹ̀ fà á lọ́wọ́, wọ́n lọ.

Ó tọ́ sí i.

Àná ló wá pè mí. Mo ti rò pé èébú ni, mo ti to tèmi sẹ́nu. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gé e. Ẹ mú un. Ẹ jẹ́ kó máa dún níbẹ̀ lódidi. A ò ní wá bèèrè mọ́.” Mo ní, ọkọ̀ rẹ ńkọ́? Ó ní, “Apá òsì nìkan la ó fi tò ó. Kò ní lè rìn. Kó dúró bẹ́ẹ̀.”

Ó sá! Ìjẹ̀ṣà ni mí, òṣómàáló ni baba ìyá mi. Bí a bá lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ẹni, a kì í dìde títí onítọ̀hún yóò fi juwọ́ sílẹ̀. Ó ti juwọ́ sílẹ̀. Mo borí. Irin ti di tiwa, lódidi, láti ẹnu òun fúnra rẹ̀. Mo sọ fún un pé ó ti pẹ́, mo ti bẹ Micah lọ́wẹ̀.

Kí ló dé tí n kò pe Micah kó má wá mọ́?

Nítorí… nítorí bí mo bá kú, yóò padà wá. Àwọn ọmọ mi tó wà l’Ékòó kò mọ iyì rẹ̀, wọ́n á gbé e fún un, wọ́n á tún bá a ya fọ́tò. Bí a bá gé e báyìí, kò lè padà wá mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni. Nítorí ìyẹn ni. Agogo ńkọ́? Micah sọ nípa agogo nígbà tó wá wò ó. Ó fi ìka gbá a, ó tẹ́tí, ó ní, “Bàbá, tí iná bá kàn án, kò ní dún bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́ o. Ó lè máà dún rárá.” Mo ní kó gé e. Mo ní a ó ra òmíràn. Bí kò bá dún fún wa mọ́, kò burú, ṣáà ti jẹ́ kó… kó má ṣáà jẹ́ tirẹ̀. Kó má jẹ́ tiwa, kó má jẹ́ tirẹ̀, kó ṣáà…

Ibo ni mo ti gbọ́ ìyẹn rí?

Òórùn gáàsì Micah kò tíì dé, imú mi ti ń gbọ́ ọ. Mo mọ̀ ọ́n. Ọjọ́ tí wọ́n gé Dúdúyẹmí, bàbá wa mú wa lọ wò ó. Ó yẹ kó fi wá sílé. Ó dúró sórí òkúta ojú irin, fìlà iṣẹ́ rẹ̀ wà lórí, èmi di ọwọ́ rẹ̀ ọ̀tún mú, ọmọ Àpìkẹ́ di ti òsì. Bí irin kan bá ti já bọ́, ọwọ́ rẹ̀ á fún tèmi. Ó ní láti jẹ́ pé ó ń fún ti Àrẹ̀mú náà. N kò rò ó rí. Láti ọjọ́ yẹn wá, n kò rò ó rí pé ọwọ́ kejì náà ń fún ẹnìkan.

Ẹ jẹ́ kí n kàwé tí mo fẹ́ kà. Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa. Ìwé Àwọn Ọba Kìn-ín-ní, orí kẹta. Mo mọ̀ ọ́n lórí. Obìnrin méjì, ilé kan, ọmọ kan tó kú, ọmọ kan tó wà láàyè. Ọba ní kí wọ́n mú idà wá. Wọ́n mú idà wá…

Ẹ̀rọ kẹ̀kẹ́ Màrúwá ń dún lẹ́nu géètì. Micah nìyẹn. Mo gbọ́ tí sìlíńdà kan ilẹ̀.

Wọ́n mú idà wá. Sólómọ́nì kò gé nǹkan kan. Báwo ni mo ṣe ń kà á láti gbogbo ọdún wọ̀nyí wá tí n kò fi rí i pé kò gé nǹkan kan? Idà yẹn, kò mú un wá láti fi gé ọmọ. Ó mú un wá kó lè gbọ́ ohun tí olúkúlùkù wọn yóò sọ. Ọ̀kan ní, ẹ gbé e fún obìnrin yìí, ẹ má ṣe pa á. Èkejì ní kó má jẹ́ ti òun, kó má jẹ́ ti ẹnì kejì, kí wọ́n ṣáà pín in.

Mo ń wá ara mi nínú orí náà. Orí ìtẹ́ ni mo kọ́kọ́ wò. N kò sí níbẹ̀.

Micah ń gbé àkàbà ti igi máńgòrò. Irin ṣì so, kò mì. Ẹsẹ̀ mi ń wá sálúbàtà lábẹ́ tábìlì kí n lè lọ bá a, kò tíì rí i.

Ìyá ọmọ ti sọ̀rọ̀ láti àná. Òṣogbo ló ti sọ ọ́. Kò pariwo.