Èbúté Tí Ẹ̀gbọ́n Mi Yọ̀ǹda

Ẹ̀gbọ́n mi Philemon kò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kó tó yọ̀ǹda èbúté ẹbí wa fún àwọn oníyanrìn. Òun ni olórí ẹbí. Ọjọ́ tó sọ fún wa, ẹran ló ń jẹ, ó ń fi èékánná yọ ọ́ láàárín eyín.

Charity ìyàwó rẹ̀ kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀. Òdìkejì odò ni oko ẹ̀gẹ́ rẹ̀ wà, oko tó fi tọ́ Mildred ọmọ wọn títí ọmọ náà fi di tíṣà ní Àyèká. Kò sí afárá. Èbúté yẹn nìkan ni ọ̀nà. Ẹrẹ̀ àti gbòǹgbò igi ló kún ibi yòókù, ọkọ̀ kò lè gúnlẹ̀ síbẹ̀.

"Bàbá Mildred, ibo lẹ fẹ́ kí n máa gbà lọ sóko?"

"Ṣé odò ń kúrò níbẹ̀ ni?" Ó rẹ́rìn-ín. "Àárín odò ni àwọn oníyanrìn á ti fa iyanrìn ghan. Ghan éè ní fọwọ́ kan etí omi."

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹni tó ní òun kò ní fọwọ́ kan ọbẹ̀, kí ló ń wá nídìí ìkòkò?"

Ó ní kí n lọ bójú tó ilé ọkọ mi. Ó sì mọ̀ pé opó ni mí. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọ eegun.

Èmi àti Charity la jọ máa ń wa ọkọ̀ lọ sóko. Èmi á wà ní ìdí ọkọ̀ pẹ̀lú àjẹ̀, òun á wà ní imú. Tí a bá ń bọ̀ wálé, ọkọ̀ kì í tíì kan ilẹ̀ tí ẹni tó wà nímú á ti bọ́ sínú omi tó mù ún dé orúnkún, á di okùn mú, á rọra fa ọkọ̀ gòkè. Bí a ṣe bá àwọn ìyá wa nìyẹn. Ọkọ̀ tó kún fún gàrí, tí ìdí rẹ̀ bá ń ha ilẹ̀, fífọ́ ni yóò fọ́, ta ló sì kù tó fẹ́ gbẹ́ òmíràn fún wa? Omi wa dúdú, ẹnikẹ́ni kì í wo ìsàlẹ̀ kó tó bọ́ sílẹ̀. Ẹsẹ̀ ló mọ ibẹ̀.

Lóṣù òjò yẹn, a sùn sí abà fún bí ọ̀sẹ̀ kan kí a lè yan gàrí wa tán. À ń gbọ́ ariwo ẹ̀rọ láti ọ̀nà jíjìn. Charity ní, "Aúntí Agatha, ẹ gbọ́ bí ghan ti ń ha ikùn odò!" Ó ń ṣàwàdà, èmi náà sì rẹ́rìn-ín.

Ọ̀sán ọjọ́ tí a padà, ẹ̀rọ ti dákẹ́. Charity ń sọ pé Mildred ń bọ̀ ní Sátidé, pé òun á se ẹja tútù dè é. Bí a ṣe kan èbúté, ó mú okùn, ó bọ́ sílẹ̀.

Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò bá ilẹ̀. Ó rì tòun ti bàtà òjò lẹ́sẹ̀, ó yọrí, ó nawọ́ sí etí omi. Charity mọ̀wẹ̀, mo rò pé ewu ti kọjá. Ìgbà tó di etí odò mú ni gbogbo rẹ̀ ya lulẹ̀ bò ó, nítorí wọ́n ti fa iyanrìn abẹ́ rẹ̀ tán. Mo na àjẹ̀ sí ibi tó wà. Mo ké títí ohùn mi fi há. Ọjọ́ kejì ni àwọn apẹja tó gbé e jáde.

Ọ̀gá àwọn oníyanrìn wá dọ̀bálẹ̀. Ó ní iyanrìn àárín odò kò dára tó, ló jẹ́ kí àwọn sún mọ́ etí. Ẹ̀gbọ́n mi ń mi orí, ó ń gbà fún un. Mo retí kó lé e jáde. Mo retí kó tilẹ̀ sunkún.

Àárọ̀ ìsìnkú, típà kan fẹ̀yìn wọ àgbàlá, ó da iyanrìn funfun sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibojì. Awakọ̀ ní ọ̀gá ló fi ránṣẹ́, kí a fi rẹ́ ojú ibojì.

"Bàbá, ibo ni wọ́n ti kó èyí?" Mildred ló béèrè. Bíríkìlà dúró pẹ̀lú ṣọ́bìrì, ó ń retí àṣẹ.

"Ẹ̀gbọ́n, mo bẹ yín," ni mo wí. "Ẹ jẹ́ kí wọ́n kó o padà. Kì í ṣe èyí la ó fi bò ó."

Ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó bu iyanrìn náà sí àtẹ́lẹwọ́, ó fi àtàǹpàkò ra á wò.

"Iyanrìn dáadáa ni," ó ní. "Ọ̀fẹ́ sì ni." Ó ní kí bíríkìlà da sìmẹ́ǹtì sí i.