Omi Àlejò

Jérôme, olórí kòmítè omi wa ní Igana, ló là á mọ́lẹ̀ níwájú gbogbo abúlé: ẹ̀ẹ̀rùn ti mú, pọ́ǹpù kan ṣoṣo la ní, omi rẹ̀ sì ń dínkù. Ó ní, "Èèyàn ló ń mu omi pọ́ǹpù. Kí oko dúró de òjò." Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un.

Ṣé mo ní kí ọmọ ẹnikẹ́ni má mumi ni? Omi tó ń ṣàn dànù lẹ́sẹ̀ pọ́ǹpù, tí ewúrẹ́ ń tẹ̀ mọ́lẹ̀, òun ni mo tọrọ. Opó ni mí. Tòmátì ẹ̀yìnkùlé ni mo fi ń bọ́ Aurore ọmọ mi, tòmátì náà sì ti ń tanná. Mo kúnlẹ̀, èmi Marcelline! Bàbá kan ní tí wọ́n bá gba tòmátì láyè, iṣu náà á gbé korobá dé lọ́la. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, mo bá Jérôme lẹ́nu iṣẹ́. Ó ti la ojú àgbàrá fún omi àdànù yẹn, ó ń fi po sìmẹ́ńtì bíríkì ilé rẹ̀.

Mo ní, "Bíríkì ń mumi, àbí?"

"Ìyá Aurore, ilé ni. Èèyàn ló ń gbénú ilé."

Háà! Ẹni a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu. Àwọn tó pàtẹ́wọ́ fún un náà ló ń bá a ru yanrìn.

Mo ń bù nínú omi ìwẹ̀ wa fún tòmátì. Kò tó. Wọ́n gbẹ lọ níkọ̀ọ̀kan títí ó fi ku ẹyọ kan, tó so díẹ̀. Mo sunkún, n ò ní purọ́.

Lánàá, Arlette, ìyàwó Jérôme, gbé apẹ̀rẹ̀ wọlé mi. Mo fẹ́ bi í pé kí ló wá ṣe. Ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ wa, a kì í bi àlejò léèrè ọ̀rọ̀ kó tó mumi, ọ̀tá ì báà ṣe. Omi tó kù nínú ìkòkò, ti tòmátì kan yẹn ni. Mo fi igbá bù ú fún un. Ó mu ún tán, ó nu ẹnu.

"Ẹ ṣeun, Ìyá Aurore. Ọ̀la la fẹ́ ṣàdúrà ìwọlé ilé tuntun wa, tòmátì sì wọ́n lọ́jà Pobè. Mo ní kí n wá tọrọ díẹ̀ lọ́wọ́ yín."

Mo gba igbá lọ́wọ́ rẹ̀, mo dojú rẹ̀ délẹ̀.

"Arlette, o ti mu ún tán."