Ọwọ́ Télọ̀ Lẹ́nu Ẹ̀rọ Táìlì

Bí ọkọ mi bá ti pinnu nǹkan, ẹ má wulẹ̀ fi ẹnu yín ṣòfò. Ọjọ́ tó sọ pé òun fúnra òun ni yóò gé táìlì tí a máa tẹ́ sínú balùwẹ̀ wa, mo bínú, mo rojọ́, nígbà tó yá mi ò bá a sọ̀rọ̀ mọ́. Ó kọ etí ikún sí mi. Ó tilẹ̀ ń súfèé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń bí mi nínú. Télọ̀ ni ọkọ mi, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ló ń bọ́ ilé wa. Lọ́dún tó kọjá, ó yọ̀ ṣubú nínú balùwẹ̀ yìí kan náà, ọrùn ọwọ́ náà sì ṣẹ́. Wọ́n dì í pa títí egungun fi so. Nígbà tí wọ́n tú u, gbígbọ̀n ni ìka ń gbọ̀n, kò lè di abẹ́rẹ́ mú. Ọkùnrin tó máa ń gé aṣọ láìsàmì wá di ẹni tí mò ń bá de bọ́tìnnì. Yóò jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, yóò kàn máa wò ó. Ọwọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń padà bọ̀ sípò, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ń mú àlùmọ́gàjí, ni ẹ̀rọ tó ń gé òkúta bí ẹni gé ọṣẹ bá tún wù ú. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Nínú ilé wa, èmi ni mò ń sá. Ẹni tí ejò bù jẹ gan-an ń súfèé.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni mo dá lẹ́bi. Iṣẹ́ táìlì ni bọ̀ọ̀dá ń ṣe, àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ sì sọ ọ́ ní Ẹ̀sọ̀, nítorí pé kì í kánjú, bí òjò tilẹ̀ ń lé e bọ̀. Ó gbé ẹ̀rọ wá láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó gbé e kalẹ̀ sínú ilé ìfọṣọ tó wà lẹ́yìn ilé, níbi tí ihò kan wà lára ògiri tí omi ń gbà ṣàn sí gọ́tà. Ẹ̀rọ náà rí bíi tábìlì kékeré. Abẹ rẹ̀ rí roboto, abọ́ omi sì wà lábẹ́ rẹ̀ tó ń rin abẹ náà kó má baà gbóná, kí eruku má sì fò.

"Ìyàwó wa, fọkàn balẹ̀," ni bọ̀ọ̀dá wí. "Mi ò ní fi í sílẹ̀ títí yóò fi mọ̀ ọ́n."

Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ká ọwọ́ mọ́ àyà. Bọ̀ọ̀dá bọ́ òrùka lọ́wọ́ àbúrò rẹ̀, ó gbé e fún mi. Ó ní kó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè. Nígbà tí ọkọ mi fẹ́ wọ ìbọ̀wọ́ olówùú tí èmi fúnra mi bá a rà, bọ̀ọ̀dá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

"Èyí kọ́. Bí abẹ bá mú fọ́nrán òwú kan ṣoṣo, tòun tọwọ́ ni yóò fà lọ. Télọ̀ ni ẹ́, ṣé èmi ni màá wá sọ fún ẹ ohun tí òwú ń ṣe bó bá kọ́ ẹ̀rọ?"

Èmi tí mo ra ìbọ̀wọ́, mo wolẹ̀.

Ó fún un ní awò tó bo ojú dáadáa, àti ohun tí yóò fi dí etí. Ó fi hàn án bí okùn iná ṣe gbọ́dọ̀ rọ̀ wálẹ̀ díẹ̀ kó tó gòkè lọ síbi tí wọ́n ń kì í bọ̀, kí omi tó bá ń tọ okùn náà bọ̀ lè kán sílẹ̀. Ó ní kó rí i pé omi ń kan abẹ kó tó gé ohunkóhun, kó tẹ́ táìlì pẹrẹsẹ, kí ìka sì jìnnà sí ojú ọ̀nà abẹ.

"Má fipá tì í. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Abẹ ló ń gé e, ìwọ kọ́. Bó o bá fẹ́ ṣa èérún tàbí da omi ìdọ̀tí nù, pa á, jẹ́ kí abẹ dúró pátápátá, kó o yọ okùn iná." Ó wá yíjú sí mi. "Ìyàwó wa, tìrẹ rèé. Bí ohunkóhun bá ṣẹlẹ̀, má sáré dì í mú. Omi wà níbẹ̀, iná wà níbẹ̀. Iná ni kó o kọ́kọ́ lọ pa."

Ṣé ọ̀rọ̀ ìtùnú nìyẹn? Ó dúró tì í títí ó fi gé bíi mélòó kan. Èmi ò mọ bí táìlì ṣe rí, ìka ọkọ mi nìkan ni mò ń wò. Nígbà tó tẹ́ bọ̀ọ̀dá lọ́rùn, ó ní òun ń lọ ra sìmẹ́ńtì funfun tí wọ́n fi ń dí àárín táìlì, ó sì bọ́ síta.

Bí mo ṣe di olùṣọ́ nìyẹn. Bí mo bá sá aṣọ méjì, màá lọ yọjú. Mo gbé omi mímu lọ. Mo gbé àpótí ìjókòó lọ. Nígbà tí mo wá bi í bóyá òòrùn kò pa á, nínú ilé tó ní òrùlé, ó pa ẹ̀rọ, ó wò mí títí.

"Ìyá Ìbejì, ò ń dẹ́rù bà mí."

Ó ti ilẹ̀kùn, mo sì gbọ́ tí ó fi irin há a látinú.

Mo padà sídìí aṣọ mi, mò ń kùn. Ẹ̀rọ ń ké, ó ń dákẹ́. Ó tún bẹ̀rẹ̀, ó wá ń ké díẹ̀díẹ̀, léraléra, ó pẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Lójijì, ọkọ mi figbe ta. Ẹ̀rọ dákẹ́.

Mo fetí sílẹ̀, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Mo wo gọ́tà. Omi ń ti inú ihò ògiri jáde, omi náà sì pupa.

Táìlì funfun la rà. Èmi ni mo yàn án, funfun báláú. Kò sí ohun pupa kankan nínú ilé ìfọṣọ yẹn àfi ohun tó wà nínú ara ọkọ mi.

Aṣọ bọ́ lọ́wọ́ mi. "Bàbá Ìbejì!" Kò dáhùn. Mo gbá ilẹ̀kùn, kò ṣí. Mo fi èjìká lù ú, kò ṣí. Ọ̀rọ̀ bọ̀ọ̀dá wá sọ sí mi lọ́kàn. Mo sáré wọlé, mo fa súwíìṣì àgbà wálẹ̀, mo tún sáré padà. Mò ń bẹ Ọlọ́run lójú ọ̀nà pé bó bá fẹ́ mú ìka, kó mú ẹyọ kan péré. Mo tún yára pa àdúrà dà pé rárá o, kó má mú ìkankan, títí kan ọmọńdinrín.

Ilẹ̀kùn ṣí. Ọkọ mi dúró síbẹ̀, awò wà lójú rẹ̀, ó ń yọ ohun tó fi dí etí. Ọwọ́ rẹ̀ pupa dé ìgbọ̀nwọ́.

"Ta ló pa iná?"

"Ìka ẹ dà?" Láti ọjọ́ tí mo ti wọlé ọkọ, mi ò pe ọkùnrin yìí ní ìwọ rí. "Mo ní ìka ẹ dà? Mú ọwọ́ ẹ wá!"

Mo fa ọwọ́ náà, mo yí i síwá, mo yí i sẹ́yìn, mò ń pariwo pé ibo ni ẹjẹ̀ ti ń jáde. Ìka pé. Ó ń wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ yí.

"Ẹjẹ̀ wo? Omi inú abọ́ ni mo dà nù, ó ti ki jù." Ó mú àfọ́ táìlì kan, ó fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ hàn mí. Ojú rẹ̀ funfun lóòótọ́, ṣùgbọ́n amọ̀ ni inú rẹ̀, ó pupa bí ìkòkò.

Àsìkò yẹn ni bọ̀ọ̀dá dé. Nígbà tó gbọ́ bó ṣe jẹ́, ó fẹ̀yìn ti ògiri, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó rí irin ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ẹ̀rín tán.

"Ta ní í há ara rẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ? Bó bá jẹ́ òótọ́ ńkọ́? Ìyàwó wa, o ṣeun. Iná tí o pa yẹn, iṣẹ́ àgbà ni." Ó mú sukudiráfà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú irin náà kúrò.

Mo bu omi, mò ń dà á sí ọkọ mi lọ́wọ́. Mò ń rẹ́rìn-ín bí òmùgọ̀.

"Igbe tí ẹ ké wá ńkọ́?" mo bi í. "Ẹ jẹ́ kí n mọ ohun tó fẹ́ pa mí."

Ó nawọ́ sí táìlì kan tó gbé ti ògiri, èyí tí yóò yí páìpù omi ká. Ó ti yọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ní roboto, ó mọ́ rekete, bí ìgbà tó máa ń gé ọrùn aṣọ. Mi ò rí irú gígé bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ láti ìgbà tó ti ṣubú.

"Ọwọ́ mi ò gbọ̀n," ló wí. "Mo gé e tán, mo wo ọwọ́ mi, kò gbọ̀n rárá. Mi ò mọ ìgbà tí mo kígbe."

Mo gbé ife omi sílẹ̀. Mo ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ, mo sì jókòó sórí ilẹ̀ tútù ilé ìfọṣọ yẹn, mo sunkún tẹ́ ara mi lọ́rùn.