Arọ Méjì Nílé Ìyá Bàrúwà

Hùmúàní ni àkọ́bí ìyá rẹ̀, ṣùgbọ́n Ìyá Bàrúwà ni gbogbo Àgọ́sásá ń pe obìnrin náà. Orúkọ àkọ́bí la fi ń pe ìyá ọmọ, gbogbo ayé ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àrùn rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀ mú Hùmúàní nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn tẹ̀ẹ́tẹ̀ẹ́, ó jẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì run. Nígbà tí wọ́n wá bí Bàrúwà tẹ̀lé e, tó jẹ́ ọkùnrin, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ gún régé, àwọn èèyàn gbàgbé orúkọ ti àkọ́kọ́, wọ́n mú ti èkejì. Ìyá náà kò bá ẹnikẹ́ni jà sí i. Wọ́n pè é, ó dáhùn.

Nǹkan kan ṣoṣo ni Hùmúàní ní láyé tí ó lè nàka sí pé tèmi nìyí, kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ni. Ayọ̀dàmọ́lá, wẹ́dà kan ní Ìlaró, ló jó o pọ̀ fún un: táyà mẹ́ta, àga tí wọ́n fi fóòmù tẹ́, àpótí onípákó lábẹ́ àga, pẹ́dàlì sì wà lókè níwájú àyà, ọwọ́ ni wọ́n fi ń wà á. Aṣọ ríran ló fi kó owó rẹ̀ jọ, kò sí ẹni tó ràn án lọ́wọ́. Kí kẹ̀kẹ́ yìí tó dé, ilẹ̀ ló ń rá. Láti ọjọ́ tó ti dé, inú àpótí ni maṣíìnì ìránṣọ rẹ̀ ń wọ̀, òun a sì máa wà á láti agboolé dé agboolé, a máa lẹ ṣòkòtò tó ya, a máa dín aṣọ tó fẹ̀ kù. Bí àsìkò ìwọlé ọmọ iléèwé bá dé, ó ń wà á dé Ìpokíà lọ rán yúnífọ́ọ̀mù.

Kì í ṣe ẹni tí à ń káàánú. Ẹni tó bá sọ owó sí i lẹ́sẹ̀ lójú ọ̀nà, á sọ ọ́ padà lu onítọ̀hún láyà, á ní kó lọ fi sin òkú ìyá rẹ̀. Ẹni tó bá sì fẹ́ tì í láti ẹ̀yìn láìbéèrè, ó di ìjà, nítorí pẹ́dàlì yẹn kì í dúró bí kẹ̀kẹ́ bá ń yí, tí èèyàn bá tì í lójijì, á fọ́ olúwa rẹ̀ lọ́wọ́. Àwọn ará ìlú ní ẹnu rẹ̀ ti burú jù fún arọ. Bí ẹni pé wọ́n ti wọn ẹnu tó yẹ arọ.

Ìjọba wá ti bodè. Kò pẹ́, wọ́n tún ní kí ọkọ̀ epo má dé ilé epo kankan tó wà nítòsí ibẹ̀. Ọ̀kadà Bàrúwà gbẹ, ó gbé e ti ògiri, òun náà jókòó tì í. Láàárọ̀, á máa wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bó ti ń wa kẹ̀kẹ́ jáde láìlo epo. Nírọ̀lẹ́, á jẹ nínú oúnjẹ tí ẹ̀gbọ́n náà mú bọ̀, ojú rẹ̀ a sì le koko lórí àwo. Ẹni tó ń jẹun lọ́wọ́ ẹni tó ti ń fojú tẹ́ńbẹ́lú, oúnjẹ yẹn kì í dà dáadáa.

Nǹkan kan ló kíyèsí níbi tó jókòó sí yẹn. Àwọn aṣọ́bodè tó dúró lọ́nà Ìpokíà ń tú ikùn gbogbo ọkọ̀, wọ́n ń tú ẹrù ìyàwó tí wọ́n ń gbé lọ ilé ọkọ pàápàá, ṣùgbọ́n wọn kì í fọwọ́ kan àpótí Hùmúàní. Ẹ̀rù èpè ń bà wọ́n. Ta ló fẹ́ wá ṣiṣẹ́ ní ìlú onílùú kí arọ gbé e ṣépè?

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, Hùmúàní rá jáde láti yàrá, ó bá Bàrúwà lórí kẹ̀kẹ́. Ó ti gbé maṣíìnì kúrò nínú àpótí, ó gbé e sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́bàá ìkòkò omi.

"Sọ̀ kalẹ̀," ni Hùmúàní wí.

"Kí n sọ̀ kalẹ̀ kí n lọ síbo? Èmi ni ọkùnrin ilé yìí."

"Ọkùnrin ilé tí arọ ń bọ́."

Ó yẹ kí àbúrò máa fi 'ẹ' bá ẹ̀gbọ́n sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ìgbà tí Bàrúwà bá fẹ́ tọrọ nǹkan nìkan ló máa ń rántí ìyẹn. Lọ́jọ́ náà kò tọrọ. "Tó o bá fẹ́ kẹ̀kẹ́, lọ ṣe òmíràn," ló wí. Hùmúàní na ọwọ́ mú táyà. Bàrúwà tẹ̀ síwájú, ó ń tú ìka rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó ń gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ ọmọdé.

Ìyá wọn jáde. Hùmúàní rò pé ìyá á bá òun gbà á.

"Fi sílẹ̀ fún un," ni ìyá wí. "Ọkùnrin kì í jókòó sílé bẹ́ẹ̀, ó ń bà á lọ́kàn jẹ́. Iṣẹ́ á máa wá bá ọ níbi tó o bá wà."

"Èmi ńkọ́, Màmá? Kò ní ba èmi lọ́kàn jẹ́?"

"Ó ti mọ́ ìwọ lára."

Bàrúwà wà á lọ. Kò mọ̀ ọ́n wà, ó ń já sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ọ̀mùtí, ṣùgbọ́n nígbà tó dé orígun ọ̀nà, Hùmúàní rí i tó ká ẹsẹ̀ méjèèjì jọ sábẹ́ aṣọ, tó fi orí kọ́ èjìká, tó jẹ́ kí ẹnu rọ̀ díẹ̀. Òun ti ń wa kẹ̀kẹ́ yìí tipẹ́, ẹnu òun kò rọ̀ rí.

Láti ọjọ́ náà, ìrẹsì ni Bàrúwà ń fi kẹ̀kẹ́ gbé wá láti òdìkejì bodè. Á dé iwájú àwọn aṣọ́bodè, á kérora díẹ̀, wọ́n á ní kí bàbá máa lọ. Ẹran bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ìkòkò ìyá rẹ̀. Ó bu ìrẹsì fún Hùmúàní náà, Hùmúàní dà á sí àgbàlá, adìẹ jẹ ẹ́. Iṣẹ́ tí wọ́n ní yóò máa wá bá a nílé kò wá. Ta ni yóò gbé ṣòkòtò kan ṣoṣo rìn láti òpin ìlú kí wọ́n lè lẹ̀ ẹ́? Maṣíìnì ń jókòó, òun náà ń jókòó. Bó bá fẹ́ dé ilé ìwẹ̀, ó di kó wọ bàtà rọ́bà sí ọwọ́ méjèèjì, kó máa rá lọ lórí yangí, bó ṣe ń rá kó tó ní kẹ̀kẹ́.

Ó kórìíra Bàrúwà. Kí a má fi ọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀, ó kórìíra rẹ̀ débi pé bó bá gbọ́ ìró kẹ̀kẹ́ náà tó ń bọ̀, á máa gbàdúrà kí táyà bẹ́, á sì tún máa gbàdúrà kó má bẹ́, nítorí pé táyà òun ni.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni ọkọ̀ Hilux àwọn aṣọ́bodè dúró lójú ọ̀nà níwájú ilé wọn. Kẹ̀kẹ́ wà lẹ́yìn ọkọ̀, àpò ìrẹsì wà níbẹ̀, Bàrúwà jókòó sáàárín wọn, ó ká ẹsẹ̀ jọ, òógùn ń ṣàn lójú rẹ̀. Ọ̀gá wọn tuntun, tí kò tíì mọ ẹ̀rù èpè arọ, bọ́ sílẹ̀. Ó ga, ó sanra, ohùn Ògbómọ̀ṣọ́ sì wà lẹ́nu rẹ̀. Ó mú bàtà rọ́bà kan lọ́wọ́, méjèèjì.

"Ẹ kúulé o. Wọ́n ní ilé tí arọ ń gbé rèé," ló wí fún Hùmúàní tó jókòó lẹ́nu ọ̀nà. "Ọkùnrin yìí ní ilé òun nìyí, òun ni arọ náà. Ṣùgbọ́n mo bá bàtà yìí nínú àpótí ẹ̀. Ẹ wo ìdí ẹ̀, ó ti jẹ tán. Arọ wo ló ń fi bàtà rìn báyìí?"

"Ẹ̀gbọ́n mi," ni Bàrúwà ké láti orí ọkọ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún wọn."

Ọ̀gá náà kò wo ẹ̀yìn. "Bó bá jẹ́ arọ lóòótọ́, n ó gba ìrẹsì, n ó sì fi òun àti kẹ̀kẹ́ ẹ̀ sílẹ̀ nítorí Ọlọ́run. Bí ẹsẹ̀ ẹ̀ bá pé, ẹjọ́ ló ń lọ jẹ́, kẹ̀kẹ́ yìí náà ò sì ní padà wálé mọ́. Ohun tí wọ́n bá fi ṣe fàyàwọ́, ìjọba ló ń gbẹ́sẹ̀ lé e."

Bí Hùmúàní bá sọ òótọ́, Bàrúwà á rẹ́wọ̀n he, ìyẹn kò dùn ún rárá, ṣùgbọ́n kẹ̀kẹ́ a bá a lọ. Bó bá sì ti àbúrò lẹ́yìn, kẹ̀kẹ́ di ti Bàrúwà lójú òfin, òun á sì máa rá títí ikú yóò fi dé. Ó wo ojú àbúrò rẹ̀. Ó wo bàtà ọwọ́ ọ̀gá. Inú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dùn díẹ̀díẹ̀, inú burúkú ló sì dùn.

"Arọ ni, ọ̀gá," ló wí. "Àwa méjèèjì ni. Bí ìyá wa ṣe bí wa nìyẹn, a gba kámú."

Bàrúwà mí kanlẹ̀.

"Ṣùgbọ́n kẹ̀kẹ́ yìí kì í ṣe tiẹ̀, tèmi ni. Ẹ wo abẹ́ àga, wẹ́dà fi iná kọ orúkọ mi síbẹ̀. Òun ò ní kẹ̀kẹ́. Ó yọ́ gbé tèmi ni. Ilẹ̀ lòun ń rá."

Ọ̀gá tẹ̀ ba, ó wo abẹ́ àga, ó ka HÙMÚÀNÍ síta. Ó gbé bàtà sókè. "Èyí ńkọ́?"

Hùmúàní na ọwọ́ tirẹ̀ méjèèjì sí i. Bàtà rọ́bà wà níbẹ̀, ìdí wọn ti lu. "Ọwọ́ la fi ń wọ̀ ọ́, ọ̀gá. Àbí ẹ fẹ́ kí yangí jẹ wá lọ́wọ́ dé egungun ni? Ẹ fún un ní tiẹ̀ kó wọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ rí i."

Ojú ti ọ̀gá. Ó ní kí Hùmúàní máà bínú, ó ní iṣẹ́ ìjọba ni. Ó pàṣẹ, wọ́n gbé kẹ̀kẹ́ sọ̀ kalẹ̀. Hùmúàní rá lọ bá a, ó gun àga, ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu pẹ́dàlì tí ọwọ́ Bàrúwà ti dọ̀tí. Àwọn ọmọṣẹ́ méjì gbé Bàrúwà náà sílẹ̀ jẹ́jẹ́, bí ẹni gbé ẹyin, wọ́n fi bàtà bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Wọ́n dúró. Láti ojú títì dé ẹnu ọ̀nà, yangí ni, oòrùn sì ti yan án.

Bàrúwà wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Kò sí ohun tí kò sí nínú ìwò yẹn: ẹ̀bẹ̀ wà níbẹ̀, èpè wà níbẹ̀.

"Máa bọ̀ nílé," ni Hùmúàní wí.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rá. Kò mọ̀ ọ́n rá. Ó ń gbé ìdí sókè jù, ó fẹ́ fi ìka ẹsẹ̀ tẹlẹ̀.

"Rẹ ìdí ẹ sílẹ̀, Bàrúwà. Kí ló dé, o ti gbàgbé bí wọ́n ṣe ń ṣe é ni?"

Ó rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, ó ń wọ́ ẹsẹ̀ tẹ̀lé ara rẹ̀. Àwọn ará àdúgbò ti jáde. Kò sí ẹni tí kò mọ Bàrúwà ọlọ́kadà láàárín wọn, àwọn kan tilẹ̀ ti gun ẹ̀yìn rẹ̀ dé Ìdí-Ìrókò, ṣùgbọ́n ará Àgọ́sásá kì í fi ọmọ ìlú lé aṣọ́bodè lọ́wọ́. Mọ́nsúrátù tó ń ta ẹ̀pà nìkan ló sá wọlé pẹ̀lú aṣọ lẹ́nu, wọ́n sì gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ láti inú yàrá.

"Ó mà ṣe o," ni ọ̀gá wí. Ó tọ́ka sí iléèwé tó dojú kọ ilé náà gan-an. "Wọ́n ti ní ká kó àgọ́ wa wá síbí lọ́la. Títí wọ́n á fi ṣí bodè la ó máa wà níbẹ̀. N ó máa yà wò yín, ẹ̀yin méjèèjì."

Kò sí ẹni tó mọ ìgbà tí wọ́n á ṣí bodè. Hùmúàní dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ dáadáa.

Ìgbà yìí ni Ìyá Bàrúwà dé láti oko, igi wà lórí rẹ̀. Ó rí aṣọ ìjọba, ó rí ìrẹsì lẹ́yìn ọkọ̀, ọ̀rọ̀ yé e tó láti pa ẹnu mọ́ lórí ẹsẹ̀ Bàrúwà. Ṣùgbọ́n nígbà tó rí ọmọ náà lórí ìkúnlẹ̀, tí ẹ̀jẹ̀ ń rin ṣòkòtò rẹ̀ láti inú wá, igi bọ́ lórí rẹ̀. "Yéè! Ọmọ mi ò! Ọmọ mi ń rá nílẹ̀!" Kì í ṣe ẹkún àfiṣẹ̀tàn. Ẹkún náà jáde láti ìsàlẹ̀ ikùn.

Ó tú gèlè orí rẹ̀, ó fi eyín ya á sí méjì. Ó kúnlẹ̀ sínú yangí, ó ká ṣòkòtò Bàrúwà sókè, ó fẹ́ atẹ́gùn sí orúnkún rẹ̀, ó fi itọ́ nu iyanrìn kúrò. Lẹ́yìn náà ó ṣẹ́ aṣọ náà po ní ìlọ́po méjì, ó wé e, ó ta á ní kókó sẹ́gbẹ̀ẹ́, níbi tí kókó kò ti ní kan ilẹ̀ bí ẹni tó wé e bá ń rá.

Hùmúàní wà lórí kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí pẹ́dàlì. Ó ti to ọ̀rọ̀ tí yóò sọ sí Bàrúwà jọ láti ọjọ́ pípẹ́, ọ̀rọ̀ tó lè gé ènìyàn sí wẹ́wẹ́. Gbogbo rẹ̀ sá lọ. Láti kékeré títí ó fi dàgbà tó fi ṣe kẹ̀kẹ́ fún ara rẹ̀, orí yangí yìí kan náà ló rá, egbò orúnkún rẹ̀ ń jiná, ó ń tún bó, títí awọ ibẹ̀ fi dúdú tó sì le. Kò sí ọjọ́ kan tí ẹnikẹ́ni fi àkísà wé e fún un. Ohun tó ti fi ń tu ara rẹ̀ nínú ni pé bóyá ìyá òun kò mọ̀ pé aṣọ ṣeé wé mọ́ orúnkún ni.

"Àṣé ẹ mọ̀ ọ́n wé, Màmá," ló wí.

Ìyá rẹ̀ gbọ́. Kò gbójú sókè. Ó mú ìlàjì gèlè kejì, nítorí ó ṣì ku orúnkún kan.